Onídùúró fún Ajá

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ní Ìbàdàn tó yà mí lẹ́nu kì í ṣe ilé gíga. Mo ti rí ilé gíga ní Kútọnu. Ajá ni. Ajá jókòó níwájú ọkọ̀ ní Bódìjà, ó gbé orí ka fèrèsé, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i lójú. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ilé náà wà lẹ́yìn, láàárín àpò ìrẹsì àti páálí ọṣẹ, ó ká orúnkún dé àgbọ̀n. Ìyá tó ń wa ọkọ̀ náà dúró ra kúlíkúlí lọ́wọ́ ìbátan mi tí mo wá bá. Ó mú ẹyọ kan, ó fi sí ajá lẹ́nu. Kò bojú wẹ̀yìn.

Mo ní, "Irú ìlú wo ni mo wá yìí?"

Ìbátan mi ní, "Rọra sọ̀rọ̀. Ajá yẹn ní ìwé."

"Ìwé kí ni?"

"Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí, àti ti ìyá rẹ̀, àti ti bàbá bàbá rẹ̀."

Mo bi í bóyá ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn náà ní ìwé. Ó pòṣé, ó ní ẹnu mi yóò pa mí ní ìlú onílùú.

Kétu ni mo ti wá, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń ná sẹ́fà. Ọkọ mi kú, oko ẹ̀pà bọ́ sọ́wọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn ọmọ mi sì ti ní ilé tiwọn. Obìnrin tí kò ní oko, tí kò sì fẹ́ máa wo ojú ọmọ kó tó jẹun, rírìn ló kù fún un. Mo rìn. Bí mo ṣe rìn ín kò kan ẹnikẹ́ni.

Yorùbá ni mí. Yorùbá ni ìyá mi, Yorùbá ni ìyá ìyá mi. Kétu ti ní ọba, ó ti ní odi àti ẹnubodè ńlá, nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ ibùdó àwọn jagunjagun tí ilé wọn ti tú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu kí wọn ní Agbowó, èsì tí mo gbọ́ ni pé, "Háà, Àgànyìn nìyá yìí!" Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó débí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti òdìkejì Ìdìrókò wá, ì báà jẹ́ Ẹ̀gùn, ì báà jẹ́ ará Tógò, ì báà jẹ́ ọmọ Kétu, Àgànyìn ni. Wọ́n á ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ kí wọ́n lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Mi ò tún un sọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó ra kúlíkúlí kó fi rẹ́rìn-ín.

Kúlíkúlí niṣẹ́ mi. Mò ń yan ẹ̀pà, mò ń bó o, mò ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ, mò ń fún òróró rẹ̀ jáde, mò ń ká a bí òrùka, mò ń dín in. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń rà á jù, wọ́n ń fi mu gàrí. Nígbà tí ọwọ́ wọn bá gbẹ, Màmá ni mí. Tí òbí wọn bá ti fi nǹkan ránṣẹ́, tí wọ́n ń jẹ adìẹ, mo tún ti padà di Ìyá Àgànyìn. Mo mọ ìgbà tí oṣù bá parí láti ẹnu wọn.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nìyí: ìlú tó jẹ́ òkèèrè lójú tèmi, tí mo fi ilé sílẹ̀ wá wá oúnjẹ sí, gbogbo ọmọ onílùú ló ń sá kúrò nínú rẹ̀. Jápa ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò tíì lọ ń gbààwẹ̀ kó lè lọ. Àwọn kan náà tí wọ́n fẹ́ di àlejò níbi tí wọn ò mọ ẹnì kankan, àwọn ló ń bi mí pé kí ni mo wá ṣe níbí.

Àlákẹ́, ọmọ mi obìnrin, a máa pè mí láti Kétu.

"Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń dín kúlíkúlí."

"À ń jẹ kúlíkúlí ní Kétu náà o."

"Ẹ̀yin ẹ máa jẹ ẹ́. Èmi ń tà á."

"Náírà tẹ́ ẹ̀ ń wá yẹn, tó bá dé ọjà wa ńbí, iyọ̀ ló ń rà."

"Iyọ̀ náà ṣe pàtàkì nínú ọbẹ̀."

A ó rẹ́rìn-ín, yóò gbé fóònù fún àwọn ọmọ rẹ̀, wọn yóò máa pariwo lé ara wọn lórí, ọ̀kan yóò kọrin tí wọ́n kọ́ ọ ní Faransé. Tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, yàrá náà a dákẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Ọ̀rọ̀ èyí kò pọ̀. Mo máa ń dìde lọ ṣa òkúta inú ẹ̀pà ni.

Ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Agbowó ni mò ń gbé. Bàbá Onílé ti ṣe akọ̀wé ìjọba, ó ti fẹ̀yìntì. Ọmọ Ìbàdàn pọ́nńbélé ni, yóò sì ti sọ ọ́ fún ọ kí o tó rí àga jókòó. Ìkàrẹ́ ni Ìyá Onílé, ìyàwó rẹ̀, ti wá. Ìbàdàn ló ti ṣe tíṣà, Ìbàdàn ló ti bí gbogbo ọmọ rẹ̀, Ìbàdàn ló ti sin ìyá ọkọ rẹ̀, síbẹ̀ tí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, ọkọ rẹ̀ a ní, "Ẹ gbọ́ ará Àkókó!" Obìnrin náà kì í fèsì. Áńgílíkà ni, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, bóyá ibẹ̀ ló ń kó gbogbo ohùn rẹ̀ lọ. Àwa méjèèjì a máa já ẹ̀fọ́ pọ̀ lẹ́yìnkùlé.

Mi ò tíì pẹ́ nílé wọn tí Bàbá Onílé fi ra ajá lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń sin ajá tà ní Olúyọ̀lé. Ó gbé e wálé bí ẹni gbé ìyàwó tuntun. Ó ní ìran ajá àwọn ọlọ́pàá Jámánì ni. Ó fi ìwé rẹ̀ sínú gíláàsì, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó òun àti ìyàwó rẹ̀. Ìwé náà tóbi ju ajá lọ.

Ajá ń dàgbà, etí kò dúró. Bàbá fi pílásítà gbé etí náà sókè. Ó ṣí i, etí wó. Ìrù wá ká kọ́rọ́ sẹ́yìn bí ìrù gbogbo ajá tó ń jẹ lórí ààtàn. Ọkùnrin kan tó ń kọjá níwájú ilé dúró, ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá, Jámánì ti apá ibo nìyí? Àbí ti Ọ̀jọ́ọ̀?"

Gbólóhùn yẹn ló lé ajá náà kúrò nílé. Kò pẹ́ tí Bàbá fi ní kí awakọ̀ kan gbé e lọ, kó sì já a sí ibùdókọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀. Ajá tó mọ orúkọ ara rẹ̀, tó ń bá èèyàn gbé bàtà wá sẹ́nu ọ̀nà! Ìyá Onílé ló ti ń bọ́ ọ láti ọjọ́ tó dé. Ó tẹ̀lé ọkọ̀ náà dé géètì, ó dúró síbẹ̀ títí eruku fi lọ sílẹ̀. Kò bá wa jẹun lọ́jọ́ náà. Bàbá Onílé wá ń sọ fún àwọn èèyàn pé wọ́n jí ajá òun gbé, pé àwọn olè ìsìnyí mọ ajá tó dáa.

Nígbà tó yá, olè gidi dé. Wọ́n fo ògiri ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé àpò ẹ̀pà mi. Mo tún rà. Wọ́n tún wá. Lẹ́ẹ̀kejì, mo jókòó sórí àpótí mi, mo sì bá ara mi sọ òótọ́: bí wọ́n bá tún kó èyí tó kù, iṣẹ́ ti tán, Kétu ni mò ń padà sí, lọ́wọ́ òfo, lọ máa wo ojú ọmọ kí n tó jẹun. Ajá ni mo nílò.

Bàbá Onílé ní, "Ra ajá gidi o. Má lọ kó lókà, ajá ààtàn, wọlé mi." Ojú kò tì í. Ó júwe ọkùnrin Olúyọ̀lé yẹn náà fún mi.

Mo lọ wò ó, torí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀pà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àgò irin ló tò síra wọn. Abo ajá kan dùbúlẹ̀ nínú ọ̀kan, ọmú rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, kò gbé orí nígbà tí mo dé.

Mo ní, "Ìgbà wo lèyí bímọ?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ já àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú ni. A ó tún fi í fún akọ láìpẹ́."

"Ìgbà wo ló ń sinmi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣọ́ọ̀bù kì í sinmi."

"Akọ tó jẹ́ bàbá àwọn ọmọ yìí ń kọ́?"

Ó na fóònù sí mi, ó fi àwòrán ajá kan hàn mí tó dúró sórí koríko tútù níbi tí kì í ṣe Ìbàdàn. Láti kékeré ni mo ti ń ra ẹ̀pà. Kò sí àgbẹ̀ kan tó fi àwòrán ẹ̀pà hàn mí rí kó sì ní kí n mówó wá. Nígbà tó wá pe iye rẹ̀, mo ní kó fi ìyẹn kọ́lé.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra kúlíkúlí, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko, ló sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ ò ní láti ra ajá. Àwọn tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ kún Bódìjà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi wọ́n tọrẹ."

Ọ̀fẹ́. Ẹnu mi kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi lọ.

Ilé tí wọ́n ń kó àwọn ajá náà sí wà lẹ́yìn ilé ńlá kan ní Bódìjà. Ọmọ Èkìtì ló ni ín, dókítà ẹranko, obìnrin tó ga, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí òdìkejì títì gbọ́. Mo rò pé ajá ààtàn ni màá bá níbẹ̀. Rárá. Àwọn tó ní ìwé ló pọ̀ jù! Dókítà ń nawọ́ sí wọn: "Olówó tèyí wà ní Kánádà. Tèyí wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Tèyí kò tiẹ̀ rìn jìnnà, Èkó ló kó lọ, ó ní ilé tuntun kò gba ajá." Ó ní ọ̀kan nínú wọn sunkún níwájú géètì títí, ó ní bí ọmọ tí òun bí ni ajá náà rí sí òun. Ó nu ojú, ó wọ ọkọ̀, ó lọ wọ bàálù.

Mo ní, "Àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù ń kọ́? Ó kó wọn dání?"

"Ó kó wọn dání, Mà."

"Ó dáa. Mo kàn ní kí n bèèrè ni."

Mo rí ajá kan nínú wọn, abo, ó ga, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, irú èyí tí Bàbá Onílé fi pílásítà wá tí kò rí. Kò gbó. Ó kàn ń wo ọwọ́ mi. Pírínsẹ́ẹ̀sì ni àwọn tó kọ̀ ọ́ sọ ọ́.

Dókítà ní kí n jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè.

"Màmá, ṣé ilé yín ní ògiri?"

"Ó ní. Àwọn olè máa ń fò ó."

"Ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án?"

"Èmi ni. Kúlíkúlí kì í dín ara rẹ̀."

"Kí lẹ máa fún un jẹ?"

"Ohun tí mo bá ń jẹ."

"Tí ẹ̀yin fúnra yín ò bá wá rí jẹ ń kọ́?"

"A ó jọ gbààwẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ní òótọ́, nígbà tí ẹbí ọkọ mi wá tọrọ mi, bàbá mi kò bi wọ́n ní ìdajì ohun tí ọmọ yìí bi mí. Bóyá ìbá ti dáa bó bá bi wọ́n. Nígbà tó tán, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ràn yín. Ó ku onídùúró. Ẹ mú ẹnì kan wá, tó ń gbé Ìbàdàn, tó mọ̀ yín dáadáa."

Onídùúró! Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dábùú ọ̀nà mi. Mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Agbowó, wọ́n ní kí n mú onídùúró wá. Mo tọ Bàbá Onílé lọ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó ní òun kì í fọwọ́ sí ohun tí òun kò mọ ìdí rẹ̀. Mo wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀, kúlíkúlí mi wà lórí tábìlì rẹ̀ láràárọ̀, kò mọ ìdí mi. Ìbátan mi tí mo wá bá ti padà sí Kétu, kò sí ẹlòmíì. Mo tún tọ Bàbá Onílé lọ.

Ó ń ka ìwé ìròyìn, kò gbé ojú. "Onídùúró fún kí ni?"

"Fún ajá, Bàbá."

"Ajá wo? Lókà?"

"Ó ga. Etí rẹ̀ dúró."

Ó gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. "Ṣé abo ni?"

"Abo ni."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá, ẹ jókòó ná. Kí ló dé tẹ́ ẹ dúró bí àlejò?"

Ẹ wò mí bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń fi "ẹ" kí. Ó ní tí ajá náà bá bímọ, àwọn èèyàn Olúyọ̀lé á wá bẹ òun. Mo sọ fún un bí a ti ń ṣe é nílé wa: tí wọ́n bá fún ọ ní abo ẹran sìn, ọmọ àkọ́kọ́ ti olóhun ni, ẹ ó sì jọ máa pín èyí tó bá tẹ̀lé e. A kì í tiẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ẹni tó fún ọ mọ̀, ìwọ náà mọ̀. Nítorí náà, ọmọ àkọ́kọ́ ti Dókítà ni. Nínú ìyókù, màá fún Bàbá ní ọ̀kan.

"Ọ̀kan kẹ̀? Ìdajì."

Mo ní kò burú. Olè ni mo fẹ́ kí ajá lé, mi ò fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ kọ́lé.

Ó wọ agbádá lọ sí Bódìjà. Ẹ gbọ́ mi: agbádá. Dókítà ń ṣàlàyé ohun tó yẹ kó mọ̀ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, Bàbá gbé fóònù sí etí kan, ó ń mi orí, "Yẹ́ẹ̀sì, yẹ́ẹ̀sì." Ó fọwọ́ síwèé ní ìdúró. Dókítà bi í pé ṣé ó mọ̀ mí dáadáa. Ó ní, "Màmá? Bí ìyá mi ni wọ́n rí!"

Mo fa ajá mi, mo rìn ín wálé.

Orúkọ ajá, nílé wa, ọ̀rọ̀ tí èèyàn fẹ́ bá àdúgbò sọ ni. Pírínsẹ́ẹ̀sì kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Mo sọ ọ́ ní Ẹ̀yinlẹmọ̀. Láàárọ̀ tí àwọn ayálégbé bá ń jà sí omi, màá dúró láàárín àgbàlá, màá ké, "Ẹ̀yinlẹmọ̀! Ẹ̀yinlẹmọ̀ o!" Ó gbọ́ orúkọ náà kíákíá. Kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan àpò ẹ̀pà mi. Lẹ́ẹ̀kan, mo bá ìrépé ṣòkòtò lára ògiri. Èmi kọ́ ni mo ni ín.

Tí Àlákẹ́ bá ti pè tán, tí yàrá dákẹ́, Ẹ̀yinlẹmọ̀ yóò mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyẹn tó mi. Ìyá Onílé náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú eegun bọ̀ nígbà tó bá ń bọ̀ wá já ẹ̀fọ́. Yóò fún un, yóò fi ọwọ́ pa á létí, etí tó dúró.

Ti Bàbá Onílé ló pọ̀. Ó ń ra ẹran bọ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò máa wo ikùn ajá.

"Kò tíì sí nǹkan?"

"Bàbá, ẹran súyà kì í fún ajá lóyún."

"Akọ ni kò rí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin Olúyọ̀lé dé pẹ̀lú akọ ajá nínú ọkọ̀. Gbogbo ayálégbé jáde, bí ẹni pé ìyàwó ni wọ́n fẹ́ gbé. Wọ́n tú akọ sílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, Ẹ̀yinlẹmọ̀ ká imú. Ó tún sún mọ́ ọn, Ẹ̀yinlẹmọ̀ gé e létí jẹ. Akọ ajá olówó iyebíye sá sábẹ́ ọkọ̀, ó ń ké. Ọkùnrin náà bínú, ó fi okùn di ẹnu Ẹ̀yinlẹmọ̀, ó dojú rẹ̀ sókè, ó wo ikùn rẹ̀. Ó fi ìka tọ àpá kan níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ pè mí? Wọ́n ti yọ ilé ọmọ ajá yìí. Kò lè bímọ láé. Ẹ kàn ń da ẹran sínú kòtò ni."

Àwọn ayálégbé mú ẹ̀rín sẹ́nu. Ẹnì kan kò lè mú un dúró.

Bàbá Onílé yíjú sí mi. "Àgànyìn! O lù mí ní jìbìtì!"

Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ sì ni. Nílé wa, ta ló ń fún èèyàn ní abo ẹran tí kò lè bí? Ta ló ń fúnni ní nǹkan tí kò retí ohun kan padà nínú rẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i nínú àgbàlá yẹn pé ọmọ Èkìtì yẹn fún mi ní ajá kí n kàn ní ajá ni. Kò sì retí nǹkan kan. Ó gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí n tó lè gbé èyí mì.

Lọ́jọ́ kejì Bàbá Onílé fà wá lọ sí Bódìjà, èmi àti ajá. Kò wọ agbádá lọ́tẹ̀ yìí.

Dókítà ní, "Bàbá, mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní yẹ́ẹ̀sì."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan!"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ní yẹ́ẹ̀sì. Ajá kankan kì í jáde níbí tí a kò tíì ṣe é bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà láyé tí kò nílé ò tíì tó ni?"

"Mo yọ ọwọ́ mi. Ẹ gba ajá yín."

"Ajá kọ́ lẹ dúró fún, Sà. Màmá lẹ dúró fún. Ẹ ní bí ìyá yín ni wọ́n rí. Ṣé ẹ ò mọ̀ wọ́n mọ́ ni?"

Bàbá Onílé wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Èmi? Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Àgànyìn ni. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń wá?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí lè rò pé omijé bọ́ lójú mi. Kò bọ́. Ìríra ló ṣe mí, bí ìgbà tí èèyàn bá bu ẹ̀pà sẹ́nu tó bá a pé ó ti bu. Ẹnu kan náà. Èèyàn lè bá ọ gbé títí, kó mọ ìró bàtà rẹ, kó mọ ìgbà tí ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó sì dúró lójú oòrùn sọ pé òun kò mọ̀ ọ́ rí, nítorí ọmọ ajá tí a kò tíì bí. Nígbà kan, mo máa ń rò pé mímọ̀ ni kì í jẹ́ kí èèyàn ka ẹlòmíì sí àlejò. Irọ́ ni. Wọ́n mọ̀ ọ́. Wọ́n kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Inú Dókítà kò dùn. Ó ní òfin òun ni pé ajá kò lè wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní onídùúró, ó ní kí n wá ẹlòmíì, òun ò ní fi Ẹ̀yinlẹmọ̀ fún ẹlòmíì kí n tó padà. Mo fi okùn ajá lé e lọ́wọ́. Nígbà tí a jáde, Bàbá Onílé ní, "Tí ajá yẹn bá tún wọ ilé mi, ìwọ náà kó ẹrù rẹ."

Mo pe Àlákẹ́.

"Ìyá, nítorí ajá?"

"Nítorí ajá."

"Ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ jọ̀ọ́. Kétu kì í béèrè onídùúró yín."

Òótọ́ lọ́mọ sọ. Ṣùgbọ́n Kétu kò béèrè èmi náà. Oko ti bọ́, yàrá mi, àwọn ọmọ àbúrò ọkọ mi ló ń sùn níbẹ̀. Mo mú aṣọ mi sílẹ̀ lórí okùn, mo ń ká wọn. Mo ti ká tó ìdajì nígbà tí Ìyá Onílé fi ara hàn lẹ́yìnkùlé. Kò mú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé fìlà òyìnbó tó fi ń kọrin, ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi.

Ó ní, "Ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Níbo?"

"Bódìjà."

"Ìyá, ọkọ yín ní..."

"Mo gbọ́ ohun tó ní. Ilé kan náà là ń gbé."

A jọ lọ. Dókítà bi í léèrè bó ti bi ọkọ rẹ̀: "Mà, ṣé ẹ mọ Màmá dáadáa?"

Ìyá Onílé tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Mo mọ̀ wọ́n. Kétu ni wọ́n ti wá, kì í ṣe Àgànyìn. Wọ́n máa ń jí kí àáfà tó pe ìrun. Wọ́n kì í fi òróró àná dín nǹkan. Nígbà tí òtútù mú mi, tí àwọn ọmọ mi ń tẹ fóònù ní ìlú òyìnbó, àwọn ló fọ aṣọ mi. Ọmọ wọn tó wà nílé ń jẹ́ Àlákẹ́. Wọ́n lẹ́nu. Ẹnu wọn ò dáa rárá. Níbo ni kí n fọwọ́ sí?"

Mo wo ibòmíràn. Eruku pọ̀ ní Bódìjà.

Òun ló di okùn Ẹ̀yinlẹmọ̀ mú bọ̀, mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A dé ilé, géètì wà ní títì. Bàbá Onílé yọjú láti ibi ihò rẹ̀.

"Ajá ta nìyẹn?"

Ìyá Onílé ní, "Bàbá Fẹ́mi, ẹ ṣí géètì."

"Mo ní ajá ta ni?"

"Ajá ilé yìí ni. Ti àkọ́kọ́ lọ Ọ̀jọ́ọ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Èyí ò ní lọ. Bó bá lọ, èmi náà á kó ẹrù mi tẹ̀lé e, tí wọ́n bá sì bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá dìde sọ ìdí rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, láìfi ọ̀kan pamọ́." Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ ṣí i, oòrùn ń mú wa."

A gbọ́ bó ṣe ń mí lẹ́yìn irin. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ìdè géètì. Ó ṣí i, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ọ̀nà náà kò fẹ̀. Ìyá Onílé kọjá, Ẹ̀yinlẹmọ̀ kọjá. Èmi ni mo gbẹ́yìn. Ní Kétu, wọ́n kọ́ wa pé a kì í kọjá lára ẹni tó ṣílẹ̀kùn fúnni láìkí i.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."